Iye Orí, Ẹrù Orí: Bí Ìjọba Ṣe Ń Mọ Owó Tó Yẹ Kó Ná Lórí Ọmọ Ilé-Ìwé

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ nínú wa kò lè gbàgbé ìdánwò kan tí a kì í fi kálámù tàbí síléètì ṣe. Ọ̀gá ilé-ìwé yóò ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá lórí agbárí, kó fi ìka kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ọmọ ti tó ilé-ìwé lọ, bí kò bá sì kàn án, ìyá rẹ̀ yóò fà á lọ́wọ́ padà sílé di ọdún tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ gbagada, ọwọ́ kéékèèké bẹ́ẹ̀ kò lóǹkà láti etí òkun títí dé inú igbó kòkó. Nígbà tí a fi máa kà wọ́n tán, àwọn ọmọ ilé-ìwé tó jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 ti lé ní 811,000. Ayọ̀ àwọn òbí kò ṣe é fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, níbi tí àpò ìjọba wà, ìbéèrè kan dúró bí òpó láàárín yàrá: èló ni a óò ná lórí ọmọ kan, ọwọ́ ta ni owó náà yóò sì ti wá?

Ìbéèrè yìí ti wà kí ọdún 1955 tó dé, kò sì tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní. Ìjọba yòówù tó bá sọ pé òun yóò kọ́ ọmọ aráàlú níwèé, ohun méjì ló gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó tú àpò: iye orí àwọn ọmọ náà, àti ẹrù tí orí kọ̀ọ̀kan gbé wá láti ilé. Ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń kàwé fún lálẹ́ àti ọmọ tó ń kiri ẹ̀kọ tutù kí aago ilé-ìwé tó lù kò jọ ru ẹrù kan náà. Ìjọba tó bá ka orí láìwo ẹrù ń fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo bu oúnjẹ fún ọmọ ọwọ́ àti fún ẹni tó ti oko dé. Èyí tí kò sì ka orí rárá, ó ń ta ọfà sínú òkùnkùn ni.

Èkó àkéte, arómisá, ni owó ìjọba ti kọ́kọ́ kan ilé-ìwé nílẹ̀ wa. Títí di ọdún 1872, àwọn ìjọ oníhìnrere ló ń dá ẹrù náà rù: ìjọ CMS, ìjọ Wẹ́sílì àti ìjọ Àgùdà. Ní ọdún náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ 30 pọ́n-ùn sílẹ̀, tó sì pín in bí ẹni ń pín obì aláwẹ́ mẹ́ta, 10 pọ́n-ùn fún ìjọ kọ̀ọ̀kan, láìbéèrè ọmọ mélòó ló wà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún owó náà di 200 pọ́n-ùn lọ́dún fún ìjọ kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ìlànà kò yí padà: ìjọ ni wọ́n ń kà, wọn kò ka ọmọ. Kí ẹ̀yin òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàdé níwájú.

Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882, tí wọ́n ṣe fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló kọ́kọ́ yíjú sí ọmọ fúnra rẹ̀, ti ọdún 1887 tó jẹ́ ti Èkó nìkan sì tẹ̀lé e. Owó ìrànwọ́ wá ń dúró lórí ẹsẹ̀ méjì: iye ọmọ tó ń wá sílé-ìwé déédéé, àti bí wọ́n bá ṣe ṣe sí nínú ìdánwò. Àlùfáà Metcalfe Sunter ni alábẹ̀wò ilé-ìwé àkọ́kọ́ fún gbogbo ilẹ̀ wọ̀nyẹn. Nígbà tó sì di ọdún 1889, Henry Carr, ọmọ Èkó tí ìwé rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ òyìnbó lọ, di ọ̀kan nínú àwọn alábẹ̀wò. Ìlànà yìí dára létí, nítorí ó fi owó sí ibi tí ọmọ wà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ohun tó ń ṣe lọ́kàn olùkọ́. Bí ibà bá gbé ọmọ kan dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ tí alábẹ̀wò dé, owó ọmọ náà lọ nìyẹn. Ọmọ tó tètè ń gbọ́ wá di ọmọ owó, èyí tí orí rẹ̀ kò yára sì di gbèsè lọ́rùn ẹni tó ń kọ́ ọ. Ilé-ìwé tó ti ń ṣe dáadáa ń rí sí i, èyí tó ń jìjàdù láti dìde ń pàdánù ìwọ̀nba tó ní. Wọ́n ti ka orí, ṣùgbọ́n ẹrù tó wà lórí ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ níyà.

Àtúnṣe tó nípọn jáde ní ọdún 1948, nígbà tí Sydney Phillipson kọ ìròyìn rẹ̀ lórí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà. Ká fi àpẹẹrẹ kékeré kan yẹ ìlànà rẹ̀ wò. Ká ní ilé-ìwé ìjọ kan wà nínú oko kòkó, tó ní olùkọ́ mẹ́rin. A óò ro owó oṣù àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ fún ọdún kan, bí ìwé-ẹ̀rí oníkálukú bá ṣe tó. A óò fi owó ṣọ́ọ̀kì, owó rẹ́jísítà àti ti àtúnṣe ilé kún un. Gbogbo rẹ̀ ni ìnáwó tí ìjọba tẹ́wọ́ gbà. Lẹ́yìn èyí ni a óò yọ iye tí a gbà pé apá àwọn ará ìlú ká láti dá, ohun tó bá ṣẹ́kù ni ìjọba yóò san. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìlú dá tirẹ̀, ìjọba dá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé olùkọ́ ni owó náà ń tọ̀ lẹ́yìn. Ìlú tó wà lójú títì, tí àwọn olùkọ́ tó ní ìwé-ẹ̀rí gíga fẹ́ràn láti gbé, ni owó gọbọi ń tọ̀. Abúlé tí kò rí ju ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé mẹ́fà tán gbà sí iṣẹ́ kò ní ìnáwó ńlá kan tí ìjọba yóò tẹ́wọ́ gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ìyà ń jẹ jù.

Inú ìlànà báyìí ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Mínísítà Ẹ̀kọ́ rẹ̀, Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, gbé èrò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wọ̀ ní ọdún 1952. Wọ́n mọ̀ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Láti dín ohun tí ọmọ kan yóò ná wọn kù, wọ́n gé ọdún tí ọmọ ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ láti 8 sí 6. Láti sì rí owó náà, wọ́n bu owó-orí tuntun fún aráàlú, ṣílè 10 àti sísì kan, nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ariwo ta. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń fẹ́ kí ọmọ òun kàwé kò fẹ́ gbọ́ orúkọ owó náà, nígbà tí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ sì dé ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ alákùkọ, alátakò wọn, na ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ mọ́ ilé ara rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké: wọn kò sọ ẹrù náà kalẹ̀, ẹ̀kọ́ nìkan sì wá ń gbé nǹkan bí ìdá 2 nínú 5 owó tí ìjọba ẹkùn náà ń ná lọ́dọọdún kí àwọn ọdún 1950 tó parí. Iye tí ìjọba ń ná lórí ọmọ kì í ti inú ìṣirò nìkan jáde. Inú ìgboyà ẹni tó lè wo ojú aráàlú, kó sì sọ fún wọn ohun tí ohun rere ń náni, ló ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọjọ́ tiwa yìí. Ìjọba àpapọ̀ kéde ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, UBE, ní Sókótó ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1999, òfin rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2004. Òfin náà ní kí owó tí ìjọba àpapọ̀ yóò máa yọ sílẹ̀ láti inú àpò rẹ̀ má dín sí ìdá 2 nínú 100. Nínú ìlànà pípín tí wọ́n ti ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdá 50 nínú owó yìí ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ fún kíláàsì, àga àti tábìlì. Ìdá 15 wà fún ìwé àti ohun èlò ìkọ́ni, ìdá 10 fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́, ìdá 14 fún àwọn ibi tí ẹ̀kọ́ ti fà sẹ́yìn, ìdá 5 fún ìpínlẹ̀ tó ṣe dáadáa, ìdá 2 fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara. Owó oṣù olùkọ́ kò sí nínú rẹ̀. Inú owó tó kan ìjọba ìbílẹ̀ ni ìyẹn ti ń jáde.

Ìdá 50 yẹn ni mo fẹ́ ká tẹjú mọ́. Ọgbọọgba ni wọ́n ń pín in fún ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, Èkó ní 9,113,605 ènìyàn, Èkìtì sì ní 2,398,957. Síbẹ̀ ohun tí wọ́n bù sí àwo ti àkọ́kọ́ náà ni wọ́n bù sí ti èkejì. N kò sọ èyí láti mú nǹkan kúrò lọ́wọ́ Èkìtì, ilé uyì, ilé ẹ̀yẹ, tó fi ìwé ṣe oyè láàárín Yorùbá. Mo sì mọ̀ pé ilé-ìwé aládàáni ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ń lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń kà, wọn kò ka ọmọ. Ẹ̀gbọ́n obì aláwẹ́ mẹ́ta ti ọdún 1872 nìyí, òun náà ló dàgbà tó la awẹ́ 37.

Òfin tún béèrè pé kí ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ gbé iye tó bá ti ìjọba àpapọ̀ dọ́gba kalẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó owó náà. Èrò rere ni, nítorí ẹni tó bá dá owó sí ohun kan kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí àpò rẹ̀ gbẹ, tàbí tí gómìnà rẹ̀ fi ọkàn sí nǹkan mìíràn, kò ní rí tirẹ̀ gbé kalẹ̀, owó àwọn ọmọ ibẹ̀ yóò sì máa sùn ní báńkì nígbà tí wọ́n ń jókòó sórí ilẹ̀. Ọmọ kò mọ ìdí tí a fi ń jẹ ẹ́ níyà.

Bí ẹni bá fẹ́ rí bí a ṣe ń ka orí tí a sì ń wọn ẹrù, kó wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, níbi tí ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Yorùbá wà ní Peckham àti àgbègbè rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹwàá, gbogbo ilé-ìwé ìjọba ń ka ọmọ wọn, kíkà yẹn ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó ọdún tó ń bọ̀. Orí kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, bí ọjọ́ orí ọmọ bá ṣe rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi owó ẹrù lé e. Ọmọ òtòṣì ní àfikún, ọmọ tí ìwé rẹ̀ rẹ̀yìn ní àfikún, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé níbẹ̀, tí èdè mìíràn sì ni wọ́n ń sọ nílé rẹ̀, ní tirẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, débi pé ọmọ tó ti Ìbàdàn dé pẹ̀lú Yorùbá lẹ́nu ń mú owó díẹ̀ wọ ilé-ìwé rẹ̀ nítorí èdè ìyá rẹ̀. Láti ọdún 2011 ni owó pàtàkì kan ti wà fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí jájẹ, tí ilé-ìwé ń fún ní oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kì í ṣe pé àṣìṣe kò sí níbẹ̀. Ní ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọn ṣi iye ọmọ tó ń bọ̀ kà, àṣìṣe tó tó mílíọ̀nù 370 pọ́n-ùn; iye tó kéré jù tí wọ́n ti ṣèlérí fún ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ kan, 4,655 pọ́n-ùn, sì já sí 4,610 ní oṣù Kẹwàá. Inú bí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé gidigidi. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè bínú ni pé oníkálukú wọn ló mọ iye tó yẹ ọmọ kan. Ẹni tí kò mọ iye tó tọ́ sí i kò lè mọ ìgbà tí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá so owó mọ́ orí, àwọn aláìṣòótọ́ yóò kọ orúkọ àwọn ọmọ tí kò sí sínú rẹ́jísítà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kì í torí olè má dáko. Ojú aráàlú ni ọdẹ tó dára jù. Kí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá tí ìyá aláta lè kà: iye ọmọ tó wà níbí nìyí, iye owó tó dé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́dún yìí nìyí. Bàbá tó mọ̀ pé ọmọ 90 ló wà ní abúlé òun yóò béèrè ibi tí 200 ti wá. Àfikún ẹrù yóò wá tẹ̀lé e: fún ọmọ tí kò ríran, fún ọmọ tó ń rin ìrìn wákàtí kan kó tó dé kíláàsì, fún ilé-ìwé tí olùkọ́ ń sá fún.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ìjọba náà sì mọ̀ ọ́n. Ohun tó kù ni ká mọ iye tí kíkọ́ ọmọ náà ń náni, ká sì sọ ọ́ síta. Àwọn ọmọ tó na ọwọ́ kọjá orí ní ọdún 1955 ti di arúgbó báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló wà nínú kíláàsì. Wọ́n ṣe èyí tó kàn wọ́n lọ́jọ́ náà: ọwọ́ wọn kan etí, wọ́n sì kà wọ́n mọ́ ara ọmọ ilé-ìwé. Ó tọ́ kí ọmọ-ọmọ wọn náà wà nínú kíkà nígbà tí wọ́n bá ń pín owó.