Ẹ Jẹ́ Ká Fún Àgbàrá Lọ́nà Kí A Tó Dí Kòtò Yangí

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Kòtò yangí tó wà lókè oko wa ló mú òwe yìí wá lóṣù yìí.

Ilẹ̀ pupa ló hàn nínú orúkọ Òkìtìpupa fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa yìí gba ọ̀pẹ, ó gba ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti họ koríko àti ilẹ̀dú orí rẹ̀ kúrò, òjò kì í pẹ́ sọ ọ́ di ọ̀gbun. Àwọn tó kó yangí fún títì kó tiwọn tán, wọ́n bá tiwọn lọ, wọ́n fi kòtò sílẹ̀ fún wa.

Lọ́dún tó kọjá tí a dáwó láti dí i, àwa ìgbìmọ̀ ṣe àṣìṣe kan tó yẹ ká jẹ́wọ́. A gba katapílà, ó ti erùpẹ̀ sínú kòtò, ilẹ̀ tẹ́jú, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. A kò ronú ibi tí omi máa gbà. Òjò ńlá méjì péré nínú oṣù kẹfà ló wọ́ erùpẹ̀ náà lọ. Ó bo ẹ̀gẹ́ arábìnrin wa kan tó fi lóònù ẹgbẹ́ gbìn ín, ó sì sọ odò tí a ń pọn di pupa.

Ẹ wo bí omi ṣe ń pọ̀ tó. Tí òjò bá rọ̀ tó mìlímítà 50 sórí éékà 1, omi náà lé ní lítà 200,000, ìyẹn bíi dúrọ́ọ̀mù epo 1,000. Nínú igbó, ilẹ̀ á mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti họ, èyí tó pọ̀ jù á sáré lọ sísàlẹ̀ ni. Nítorí náà, iṣẹ́ mẹ́rin ló wà níwájú wa, ó sì ní bó ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn.

Èkíní, omi òkè kò gbọdọ̀ dé kòtò. A ó gbẹ́ gọ́tà sí apá òkè rẹ̀ láti darí omi gba ẹ̀gbẹ́. Nínú mítà 100, kí gọ́tà náà fi ìdajì mítà sí mítà 1 lọ sílẹ̀. Tó bá tẹ́jú jù, omi á dúró. Tó bá dagẹ̀rẹ́ jù, omi á wa gọ́tà náà di ọ̀gbun. Igi mẹ́ta tí a kàn bíi lẹ́tà A, pẹ̀lú okùn àti òkúta tí a so mọ́ orí rẹ̀, tó láti fi mọ ibi tí ilẹ̀ ti dọ́gba.

Èkejì, etí kòtò tó dúró ṣánṣán bí ògiri máa ń ya. A ó gé e kó rọra sọ̀ kalẹ̀: níbi tó bá ga ní mítà 1, kó nà tó mítà 3. Níbi tó bá gùn, a ó gé e bí àtẹ̀gùn kí omi lè máa sinmi.

Ẹ̀kẹta, omi tó bá rọ̀ sínú kòtò gan-an nílò ibi tí yóò dúró sí. A ó gbẹ́ adágún kékeré sí ìsàlẹ̀, torí inú omi tó dúró ni yanrìn ti ń rọlẹ̀. Òkúta ni a ó tò sí ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde. A ó máa kó yanrìn inú rẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, a ó sì fi ọgbà yí i ká nítorí àwọn ọmọdé.

Ẹ̀kẹrin ni ilẹ̀dú àti ohun ọ̀gbìn. A ó gbin koríko vetiver ní ìlà tó dábùú ìdagẹ̀rẹ́ náà, torí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wọlẹ̀ ju mítà 2 lọ, ká tó fi Pueraria tí a mọ̀ nínú oko ọ̀pẹ bo ilẹ̀ tó kù. Ìparí yìí ni àwa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Jos tí wọ́n ti wa tánganran, adágún tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ọ̀dà ilẹ̀ náà wà nítòsí wa ní Àgbábù. Àwọn òyìnbó ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá a kí Ogun Àgbáyé Kìíní ti 1914 tó bẹ̀rẹ̀. Òfin Ìwakùsà ti ọdún 2007 ní ẹni tó bá wa ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ó bèèrè kí wọ́n tó débi tiwa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Gọ́tà náà yóò gba oko bàbá kan nínú wa kọjá, ọ̀pẹ rẹ̀ méje ló sì wà lójú ọ̀nà. Bàbá ní àwọn ò gbà, a ò sì lè fi ipá gbẹ́ ẹ. Ìgbìmọ̀ dábàá pé kí ẹgbẹ́ san owó ọ̀pẹ náà. Àwọn kan ní owó ti pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wé owó katapílà tó bá omi lọ, kí ẹ tó nawọ́ ní mítìn. Kí òjò oṣù kẹta tó dé ni iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ parí.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́