Ìrèké Kì í Dúró De Ìjà

Ní Ṣábẹ, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá ilé iṣẹ́ ṣúgà kan sílẹ̀. Bí a bá ti gé ìrèké, adùn rẹ̀ yóò máa dín kù. Kíákíá ló yẹ kí ẹ̀rọ fún un. Bí àwọn tí ń gé e bá bínú jókòó, awakọ̀ kò ní rí ẹrù kó, ẹ̀rọ yóò sì dákẹ́.

Òfin iṣẹ́ ti ọjọ́ 27, oṣù kìíní ọdún 1998 fún òṣìṣẹ́ láyè láti dìbò yan aṣojú tí yóò bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Àwọn aláàáró kò ní kí òfin tó kọ́ wọn: wọ́n máa ń jọ fẹnu kò lórí oko tí wọn yóò kọ́kọ́ ro. Ọ̀gá tó ka aṣojú sí ọ̀tá ṣì í mú. Lẹ́nu aṣojú ni yóò ti gbọ́ pé àdá kò mú mọ́, tàbí pé owó oṣù ti pẹ́, kí iṣẹ́ tó dúró.