Ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ti ń dá ẹjọ́ tíṣà!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ wá gbọ́ o! Ilé-ẹ̀kọ́ kan ń bẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ọdún 6 ti lè pe tíṣà rẹ̀ lẹ́jọ́, táwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ á sì bá wọn dá a.

Summerhill lorúkọ rẹ̀. A. S. Neill, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló dá a sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1921, kó tó gbé e dé ìlú Leiston ní 1927. Kò sí pàṣán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má rò pé ọmọ kàn ń ṣe bó ṣe wù ú o! Òfin pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì. Tọmọdé tàgbà ló ń jókòó ṣe é nípàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe alága. Ìbò kan lọ̀gá ní, ìbò kan náà lọmọ kékeré ní.

Bí ọmọ kan bá gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ láìtọrọ, onílàjà tí wọ́n yàn láàárín ara wọn ni yóò kọ́kọ́ dá sí i. Bí kò bá gbọ́, ó di ìpàdé. Wọ́n lè gba owó ìtanràn nínú owó tí wọ́n fún un ná, tàbí kí wọ́n ní kó lọ sẹ́yìn pátápátá lórí ìlà oúnjẹ. Ebi ń pa á, ó ń wo àwo ẹlòmíì! Ìyẹn kò ha dun ọmọ ju ẹgba lọ?

Ẹ ò rí i pé bíi ti ẹgbẹ́ aláta ni? Ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé á sanwó, kò níí bá ẹnikẹ́ni jà, torí ojú ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣòfin ọ̀hún.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé kò sí tipátipá nínú lílọ sí kíláàsì. Ìyẹn ò lè rọ òbí tó ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ nílé wa lọ́rùn, ká sòótọ́. Lọ́dún 1999, ìjọba fẹ̀sùn kàn wọ́n. Wọ́n lè ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa. Ẹjọ́ dé kóòtù ńlá ní London ní March 2000. Ẹjọ́ ò tíì parí tí ìjọba fi ní káwọn yanjú ẹ̀ nítùbí-ìnùbí. Àwọn ọmọ bá ní àwọn ò tíì fọwọ́ sí i. Inú kóòtù yẹn náà ni wọ́n jókòó sí, wọ́n yan alága, wọ́n jiyàn, wọ́n dìbò: àwọn gbà. Ìjọba jáwọ́ nínú ẹ̀sùn, ẹni tó bá wù ló ṣì ń lọ sí kíláàsì.