Iná Iwájú Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, iná iwájú sì ni ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lóru fi ń ṣọ́ ẹsẹ̀, tí ó fi ń ṣọ́ orí tí Ẹlẹ́dàá fi jíǹkí rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí a bá dé ìsọ̀ ẹni tí ń tà á, iye lumen tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń tẹjú mọ́, bí ẹni pé onílù tí apá rẹ̀ le jù ni ó mọ ìlù lù jù. Lumen kò ju àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí iná kan tú síta lọ, ìbáà balẹ̀ sójú títì, ìbáà fò lọ bá ewé igi lókè, ìbáà lọ gún ẹni tí ń bọ̀ wá pàdé wa lójú. Lux ni ó kan ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí òun ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ó dé ibi tí a fẹ́ rí.

Mo ti ra iná tí lumen rẹ̀ pọ̀ bí yanrìn rí. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde, ìwọ̀n mítà mẹ́ta iwájú táyà mi funfun báláú, tí mo lè ka òkúta wẹẹrẹ ibẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n nítorí pé ìfunfun yẹn ti gba ojú mi tán, òkùnkùn biribiri ni gbogbo ohun tí ó kù níwájú, n kò sì rí kòtò tí àgbàrá òjò gbẹ́ títí táyà fi kó sínú rẹ̀. Bàbá kan tí ó ń bọ̀ fi ọwọ́ bo ojú, ó dúró gbọnin títí mo fi kọjá. Iná kan náà ni ó fọ́ bàbá náà lójú, tí ó sì fi èmi tí mo fowó rà á sínú òkùnkùn.

Àwọn ará Jámánì kò fi irú èyí ṣeré. Òfin ni wọ́n fi dè é. Nínú òfin StVZO wọn, iná kẹ̀kẹ́ tí kò bá ní àmì ìfọwọ́sí, tí í ṣe ìlà kọ́lọkọ̀lọ kan, lẹ́tà K àti nọ́ńbà, kò tọ́ sójú títì. Bí wọ́n bá tan iná náà sí ògiri láti mítà 10, ibi tí ó mọ́lẹ̀ jù kò gbọdọ̀ dín ní lux 10, bẹ́ẹ̀ ni òkè, níbi tí ojú ẹni tí ń bọ̀ máa ń wà, kò gbọdọ̀ ju lux 2 lọ.

Ẹnikẹ́ni lè fi ògiri dán tirẹ̀ wò nílé. Ìmọ́lẹ̀ tí ó dára kì í rí rogodo bí òṣùpá. Òkè rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, abẹ́ ibi tí a gé náà gan-an ni yóò mọ́lẹ̀ jù, yóò sì máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni yóò balẹ̀ sí ìtòsí táyà, ti òkè ni yóò rin ìrìn jíjìn, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í rìn jìnnà kí ó má rẹ̀ ẹ́: èyí tí ó jẹ́ lux 40 ní mítà 10 yóò ti di lux 10 péré ní mítà 20. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn ni a ń di oúnjẹ púpọ̀ fún.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ooru, tí àwọn òǹtajà kì í fẹ́ dárúkọ. Gílóòbù àtijọ́ máa ń tú púpọ̀ nínú ooru rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n LED, tí kò tó ẹyọ àgbàdo, ẹ̀yìn ni ó ń gbà tú tirẹ̀, apá tí ó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná tí a ń fún un ni ó sì ń di ooru. Ooru náà gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà: láti ẹ̀yìn LED sínú bàbà tàbí alumíníọ́ọ̀mù, láti ibẹ̀ dé ara iná tí wọ́n gé bí eyín òòyà, kí atẹ́gùn ojú ọ̀nà tó gbà á lọ. Níbi tí ike bá dènà rẹ̀, tàbí tí irin méjì kò bá fara kanra, á há síbẹ̀. Ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Ìmọ́lẹ̀ á máa rẹlẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí iná á kú, tí á feérú bojú.

Mo máa ń tan iná tuntun sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú yàrá tí atẹ́gùn kò ti fẹ́, n ó sì máa fọwọ́ kàn án. Ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu pé iná alágbára tí ara rẹ̀ gbóná ni mo fẹ́, nítorí ooru rẹ̀ ti ń jáde. Èyí tí ara rẹ̀ tutù, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀, ooru ń jẹ ẹ́ nínú ni. Òmíràn wà tí ó ń dín ara rẹ̀ kù bí ó bá ti gbóná dé ìwọ̀n kan, tí ó sì ń mọ́lẹ̀ padà bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i. Ọgbọ́n ni wọ́n fi sínú ìyẹn, kì í ṣe àbùkù.

Bí ẹ bá ti so iná mọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀. Òfin Jámánì àtijọ́ sọ pé, ní mítà 5 síwájú, kí àárín ìmọ́lẹ̀ má ga ju ìdajì ibi tí ó ti jáde lọ: iná tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 80, 40 ni kí àárín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà lára ògiri. Mo ti fi ẹfun sàmì náà sára ògiri ẹ̀yìnkùlé mi, ibẹ̀ ni mo sì ń lọ tún iná mi ṣe nígbàkígbà tí gbágungbàgun ọ̀nà bá ti gbé orí rẹ̀ sókè.