Ẹ̀fọ́ tí a gé, ẹ má jẹ́ kí ó rọ



Ìyá kan gé ẹ̀fọ́ ní ọ̀sán gangan. Ó kì í pinpin sínú àpò, ó gbé e lọ sí ọjà Atakpamé. Kí ó tó dé ọ̀hún, ẹ̀fọ́ ti rọ. Ìdì tí wọn ì bá rà ní fráǹkì 100, wọ́n ní àwọn ò lè san ju 50 lọ. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó gbà á. Owó iyọ̀ dà? Owó ìwé ọmọ dà?

Kí ló dé tí ẹ̀fọ́ fi ń rọ? Omi ń jáde lára ewé díẹ̀díẹ̀, ojú wa kò rí i. Nígbà tí ẹ̀fọ́ wà nínú oko, gbòǹgbò ń fa omi mìíràn fún un. Bí a bá ti gé e, gbòǹgbò kò sí mọ́, ṣùgbọ́n omi ṣì ń jáde. Oòrùn àti ọyẹ́ sì ń mú un yá kíá.

Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ gé ẹ̀fọ́ ní ìdájí. Ewé ti mu omi yó ní òru.
2. Ẹ gbé e sí ibòji lójú ẹsẹ̀.
3. Ẹ ki ìdí rẹ̀ bọ omi díẹ̀ nínú igbá. Kí ewé wà lókè.
4. Bí ẹ bá ń lọ sí ọjà, ẹ fi àpò tútù bò ó. Ẹ má kì í pinpin o! Ooru á mú àárín rẹ̀, á sì jẹrà.
5. Omi tó mọ́ ni kí ẹ lò. Omi ìdọ̀tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti kọ́lẹ́rà.

Èyí tó bá kù ńkọ́? Olùkọ́ kan ní àríwá Nàìjíríà, Mohammed Bah Abba, fi ọgbọ́n kan han àwọn ará abúlé. Ó gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní ọdún 2000. Ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá. Ẹ da iyanrìn sí àárín àwọn méjèèjì. Ẹ bu omi sí iyanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ kó ẹ̀fọ́ sínú ìkòkò kékeré, kí ẹ fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Omi tó ń gbẹ lára ìkòkò ń gbé ooru lọ. Ohun tó ń mú omi inú àmù tutù náà nìyẹn. Ìgbà ọyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ìgbà òjò, agbára rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a jọ sọ ọ́:
Ìgbà wo ni ẹ̀yin ń gé ẹ̀fọ́ yín?
Èló ni ẹ pàdánù ní ọjà tó kọjá?