Ibiìtakùn kékeré

Ibiìtakùn kékeré ni ibiìtakùn tí ojú-ewé rẹ̀ fúyẹ́, tí kò sì kó ju ohun tí òǹkàwé wá síbẹ̀ lọ: ọ̀rọ̀, àwòrán díẹ̀, àti ìjápọ̀ sí àwọn ojú-ewé mìíràn. Òdìkejì rẹ̀ ni ibiìtakùn tí ó kún fún àwòrán ńláńlá, fídíò tí ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìpolówó ọjà, àti àwọn kóòdù JavaScript tí ń tọpa òǹkàwé. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kì í sábà hàn sí ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yára. Ẹni tí ó ń fi fóònù olówó pọ́ọ́kú kàwé níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò ti dára, tí ó sì ń ka dátà rẹ̀ bí ẹni ń ka owó, ni ó mọ̀ ọ́n lára.

Ìtàn

Ibiìtakùn àkọ́kọ́ ní àgbáyé kéré gan-an. Tim Berners-Lee ni ó ṣe é ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí CERN, nítòsí Geneva, lórí kọ̀ǹpútà NeXT, ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kẹjọ ọdún 1991. Ọ̀rọ̀ àti ìjápọ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 2013, CERN dá a padà sí àdírẹ́sì rẹ̀ àtijọ́, àwọn aṣàwákiri òde-òní sì ń ṣí i láìsí wàhálà. Kóòdù HTML tí a kọ ní ọ̀nà tí ó rọrùn kì í tètè gbó. Ojú-ewé tí ó gbára lé àkójọ kóòdù ẹlòmíràn ni ó máa ń bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ìwọ̀n ojú-ewé kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 2016, Ronan Cremin ṣàkíyèsí pé ìpíndọ́gba ìwọ̀n ojú-ewé kan ti tó ti odidi eré kọ̀ǹpútà Doom, tí ó jáde ní ọdún 1993: mẹ́gábáìtì 2 lé díẹ̀.

Ìdí tí kíkéré fi ń mú kí ó yára

Nígbà tí aṣàwákiri bá béèrè ojú-ewé kan, kọ̀ǹpútà tí ń pèsè rẹ̀ kì í da gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlànà TCP ni pé kí ó kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba díẹ̀ ránṣẹ́, kí ó dúró gbọ́ bóyá ó dé, kí ó tó fi kún un. Ó dà bí alábàárù tí kò tíì mọ ọ̀nà, tí ó gbé ẹrù kékeré lọ ná kí ó tó padà wá gbé èyí tí ó tóbi. Gẹ́gẹ́ bí ìwé-ìlànà RFC 6928 ti ọdún 2013, pákẹ́ẹ̀tì 10 ni a lè fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi kìlóbáìtì 14. Bí a bá ti so okùn ìbánisọ̀rọ̀ tán, ojú-ewé tí kò ju èyí lọ lè dé ní ìrìn-àjò ẹyọ kan. Bí apèsè náà bá wà ní Amẹ́ríkà tí òǹkàwé sì wà ní Ìbàdàn, ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan ń gba abẹ́ òkun kọjá ni.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì falẹ̀ tàbí kí ó dákú ní Nàìjíríà, Gánà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ojú-ewé tí ó fúyẹ́ ni ó ní ìrètí àtidé.

Àwọn tí ilẹ̀kùn tì mọ́ síta

Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù lọ ni ti YouTube. Chris Zacharias, ẹlẹ́rọ tí ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kọ ọ́ ní ọdún 2012 pé ojú-ewé tí a ti ń wo fídíò ti wúwo tó mẹ́gábáìtì 1.2. Ó ṣe ẹ̀yà mìíràn, tí a pè ní Feather, tí kò ju kìlóbáìtì 98 lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e fún àwọn aṣàmúlò díẹ̀, ìṣirò fi hàn pé ìpíndọ́gba àkókò tí ojú-ewé ń gbà kí ó tó ṣí ti pẹ́ sí i, kàkà kí ó dínkù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú u kí ó tó rí ìdí rẹ̀. Àwọn ènìyàn láti Áfríkà, Gúúsù Amẹ́ríkà, Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Ásíà àti Siberia ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Níbi tí wọ́n wà, ojú-ewé àtijọ́ ń gba ohun tí ó ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Feather ń gba ìṣẹ́jú 2 lé díẹ̀. Ìṣẹ́jú 2 pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè dúró dè é. Kí Feather tó dé, wọn kò sí nínú ìṣirò rárá, nítorí pé wọn kì í dúró pẹ́ tó kí a kà wọ́n.

Èdè Yorùbá àti ìwọ̀n ojú-ewé

Àmì ohùn ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nínú ìlànà UTF-8, báìtì 1 ni «e» ń gbà, «ẹ» ń gba 3, «ẹ́» sì ń gba 5, nítorí pé àmì òkè rẹ̀ jẹ́ kóòdù ọ̀tọ̀. Síbẹ̀, àyọkà ọlọ́rọ̀ 600 tí ó ní àmì pé pérépéré kì í tó kìlóbáìtì 10, nítorí náà fífi àmì sílẹ̀ kí ojú-ewé lè fúyẹ́ kò mú ọgbọ́n wá. Fóǹtì tí a ń gbà wá láti ìta ni ó wúwo, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ibi tí àmì yẹ kí ó jókòó sí. Fóǹtì tí ó ti wà nínú fóònù kò ná òǹkàwé ní dátà kankan.

Ààlà rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ó ṣeé fi ọ̀rọ̀ lásán ṣe. Máàpù àti ibi tí a ti ń fi owó ránṣẹ́ nílò kóòdù. Àwọn kan sì gba ìnira mọ́ra kí tiwọn lè kéré. Láti ọdún 2018, ẹ̀yà kan nínú ibiìtakùn Low-tech Magazine ń fi agbára oòrùn ṣiṣẹ́ láti Barcelona, pẹ̀lú àwòrán tí wọ́n ti yọ àwọ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ kúrò. Bí ojú ọ̀run bá ṣú fún ọjọ́ púpọ̀, ibiìtakùn náà á kúrò lórí afẹ́fẹ́ títí bátìrì rẹ̀ yóò fi kún padà.