Kì í Ṣe Gbogbo Ìrora Àpò Ìtọ̀ ni Àtọ̀sí

Nínú èdè Yorùbá, àtọ̀sí ni orúkọ tí ó sábà máa ń wá sí ẹnu bí ìtọ̀ bá di ìnira. Àtọ̀sí ni àrùn tí ọkọ lè kó ran aya, tí aya sì lè kó ran ọkọ. Àtọ̀sí ajá sì ni èyí tí aràn inú omi odò ń fà, tí í mú kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí obìnrin kan bá ń dìde tọ̀ léraléra lóru, tí abẹ́ ìdodo rẹ̀ sì ń ro ó, kí ó tó dé ilé ìwòsàn ni àwọn ará ilé ti dá a lẹ́bi: ọkọ a fura, àwọn aládùúgbò a sì máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ìrora àpò ìtọ̀ kan wà tí kì í ṣe kòkòrò àrùn ni ó fà á. Ní 1915, Guy Hunner, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa egbò inú àpò ìtọ̀ àwọn obìnrin kan. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe egbò náà títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà ni kò ní egbò rárá. Bí ìrora bá kọjá ọ̀sẹ̀ 6, tí àyẹ̀wò kò sì fi kòkòrò tàbí okùnfà mìíràn hàn, àìsàn yìí ni àwọn dókítà máa ń rò. Oògùn apakòkòrò kò lè wo ohun tí kòkòrò kò fà.

Ìrànlọ́wọ́ mìíràn wà lẹ́yìn oògùn. Èkíní ni ìṣọ́ra nípa oúnjẹ. Kọfí, ọtí, ọsàn, tòmátì àti ata a máa ru ìrora náà sókè lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí aláìsàn jáwọ́ nínú wọn, kí ó sì máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi mọ èyí tí ó ń pa á lára. Èkejì ni kí ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà fi ọwọ́ wọ́ iṣan tí ó gbé àpò ìtọ̀ ró. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2012 lórí obìnrin 81, ara tu ìdá 59 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe èyí fún. Àwọn tí wọ́n kàn wọ́ gbogbo ara wọn kò ju ìdá 26 lọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àgbo. Èyí tí wọ́n fi ògógóró tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ lè máa dá kún ìrora tí wọ́n ní kí ó wò. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ni ó yẹ kí ó ṣíwájú àgbo àti ẹ̀sùn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì wà nínú ìtọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi falẹ̀ nílé.